Òkè Olórí Méjì

Níbi iṣẹ́ mi, omi ló ń bínú, àwa là ń jẹ èrè ìbínú rẹ̀.
Odò Péribonka á ya wọnú ihò kọ̀ǹkéré,
á yí abẹ̀bẹ̀ irin tó ga ju ilé mi lọ,
iná á sì bọ́ sójú wáyà,
á gba orí igbó kọjá lọ sí ìlú tí n kò dé rí.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣọ́ ọ.
N kò rí ọjọ́ kan tí iná wọ́n wa.

Ṣùgbọ́n Maélie, ọmọ mi, ọmọ ọdún méje,
bó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́rin, á jókòó sórí ìkarùn-ún
bí arúgbó tó ń ronú gbèsè.

Wọ́n ní ààrò kéékèèké ló wà nínú ara wa,
tí wọ́n ń sọ oúnjẹ di agbára.
Tirẹ̀ ń rú èéfín, kò ṣe ọwọ́ iná.
Lẹ́tà kan ló ṣì nínú ìwé tí a fi kọ ọ́.
Mo kọ ìdajì, Josiane kọ ìdajì,
a kò mọ̀ pé àṣìkọ kan náà ló wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì,
pé àwọn baba ńlá tó bá ọkọ̀ wọ Saguenay
ti gbé e wá láàárín ẹrù, wọn kò mọ̀.
Nínú ìwé ìrìbọmi àtijọ́, ilé kan, ọmọ ọwọ́ mẹ́ta:
*ó kú lójú oorun, ó kú lójú oorun,*
ẹ̀kẹta, àlùfáà kò kọ nǹkan kan.

A gbéra ní aago mẹ́ta òru. Yìnyín bo ọ̀nà.
Àgbọ̀nrín ńlá kan dúró sáàárín títì,
ó wo iná mọ́tò wa títí, kò kánjú.
Maélie ní, "Pápá, ó ti rẹ òun náà."

Òòfà ni ẹ̀rọ náà. Wọ́n gba bẹ́líìtì mi,
wọ́n gba òrùka, wọ́n gba owó ẹyọ.
Ọmọ náà béèrè bóyá yóò fa eyín òun tó ń mì.
Dókítà Corriveau ní eyín kì í ṣe irin,
ó sì sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè gidi.

Gbà! gbà! gbà! Ó dákẹ́. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀.
Mo mọ ariwo irin; èyí kò jọ tiwa.
Ogójì ìṣẹ́jú láìmira:
iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ ti kọ́ já fáfá.

Ọpọlọ rẹ̀ yọ lójú gíláàsì, eérú lórí eérú.
Nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, ibì kan funfun,
bíi yìnyín abẹ́ igi tó kọ̀ tí kò yọ́ títí oṣù karùn-ún.
Corriveau tún fa ìlà kan jáde, tó ń gòkè, tó ń sọ̀.
"Òkè olórí méjì yìí," ó ní,
"omi kíkan ni, àjẹkù iná tí kò jó tán."
Èmi náà ń ka irú ìlà bẹ́ẹ̀.
Níbi iṣẹ́, bó bá ṣe báyìí, n ó fọn fèrè,
n ó pa ẹ̀rọ, n ó pe ènìyàn mẹ́ta.
Mo wo tábìlì. N kò rí ibi tí mo máa tẹ̀.

Mo ní, ṣé àwòrán yìí yóò wò ó sàn?
Ó ní rárá. Kò fi oyin sí i.
Ọmọ méjìlá ni wọ́n ń wọn òkè wọn,
Maélie ṣe ìkẹjọ;
bí oògùn kan bá dé lọ́la, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń bu òkè náà kù.
Mo fọwọ́ sí i. Bírò náà kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Eyín náà bọ́ ní ilé epo, nínú búrẹ́dì.
Ó ní kí n bá òun dì í mú, ìka òun ti sùn.
Wáyà ńláńlá ń bá wa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó.
"Pápá, ṣé iná rẹ nìyẹn?"
Òun ni.
"Ó mà pọ̀ o."
Mo rọra ń wakọ̀, eyín náà nínú àtẹ́lẹwọ́ mi,
kò wúwo tó ìyẹ́.